Afárá tó wọ́wé kò kú: ìrírí mi lórí owó igi tó yè

Owó tí àwọn tó ṣètò igi gbígbìn san fún mi lórí igi tí mo gbìn sínú oko kòkó mi ní Ìdànrè kò tó ìdajì ohun tó tọ́ sí mi. Mo ṣe iṣẹ́ náà dójú àmì, àmọ́ ẹni tó wá ka igi kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àdéhùn náà ò lọ́jú pọ̀: wọ́n á fún wa ní ọmọ igi afárá, ìdígbò àti ọ̀gànwó, àwa á gbìn wọ́n sáàárín kòkó, èyí tó bá yè ni wọ́n á sanwó lé lórí. Mi ò ní máa kọ́ àgbẹ̀ kòkó ní bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò. Kí ọyẹ́ tó dé, mo ti fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ má baà gbẹ, mo sì ro etí oko yí ká kí iná má baà ráyè wọlé. Iná igbó jó oko tó bá tèmi pààlà. Ewé kan ò jóná lóko mi!

Kíkà ló dá wàhálà sílẹ̀. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá, tòun ti fóònù. Bẹ́ẹ̀ afárá àti ìdígbò a máa wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, tójò bá dé, wọ́n á tún rúwé. Ọ̀pá lásán lọmọ yìí ń rí, ló bá ń tẹ̀ ẹ́ pé ó kú, ó kú. Mo ní, "Ọmọ mi, dúró ná." Mo fi èékánná ha èèpo ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ní àwọ̀ ewé. Mo tẹ ẹ̀ka rẹ̀, kò ṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, wọ́n ní igi tí ò bá ti léwé, kí n kà á mọ́ òkú."

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí n kọ̀wé, mo kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀gá tó ń rí sí i ti rìnrìn àjò. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní àwọn ti parí ìṣirò ọdún yẹn. Òjò rọ̀, àwọn tí wọ́n pè lókùú rúwé, mo ya fọ́tò wọn ránṣẹ́. Wọ́n ní ó dọdún tó ń bọ̀. Owó lébìrà tí mo ti san ńkọ́?

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ládùúgbò wa ò fi fẹ́ gbọ́ nípa irú owó yìí mọ́. Kì í ṣe pé a kórìíra igi. Ọyẹ́, iná àti màlúù ò sí níkàáwọ́ wa, síbẹ̀ àwa nìkan la ru ewu rẹ̀. Nínú ètò tí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ní agbègbè Burren, lórílẹ̀-èdè Ireland, wọ́n máa ń fún pápá àgbẹ̀ ní máàkì lórí mẹ́wàá nígbà náà, owó sì ń tẹ̀lé máàkì, àmọ́ owó mìíràn tún wà fún iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ṣe láti tún ilẹ̀ náà ṣe. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún wa nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ síwèé irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ oṣù tí wọ́n á ka igi sínú rẹ̀, kó jẹ́ lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Kí wọ́n ha èèpo kí wọ́n tó pe igi lókùú. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ kí ẹni tó kà á tó kúrò lóko.