Liposome tí ò ní di kókó: fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ lábù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bèèrè ìdí tí liposome yín fi ń di kókó-kókó, nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á, ẹ ò jẹ́ kí kẹ́míkà tẹ́ ẹ fi yọ́ ọ̀rá gbẹ tán, omi yín ò sì gbóná tó.

Àpò ọ̀rá kékeré ni liposome, inú ẹ̀ la máa ń kó oògùn sí. Ti oògùn jẹjẹrẹ máa ń tó bíi nanometer 100, irun orí kan ṣoṣo sì lè tó 80,000 ní fífẹ̀. Ọdún 1995 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Doxil, ìyẹn doxorubicin tí wọ́n kó sínú liposome kó má baà máa pa ọkàn aláìsàn lára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wá rí i pé iṣẹ́ yìí ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ wọn DPPC, ìyẹn ọ̀rá tá a fi ń ṣe àpò náà, àti cholesterol, tó bá máa wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹ fi ọ̀rá tó ní PEG, ìyẹn kẹ́míkà tó máa ń bo àpò náà lára, díẹ̀ kún un kí ẹ̀dọ̀ má tètè gbé e mì. Ẹ fi chloroform yọ́ ọ nínú ìgò onídìí róbótó, inú fume hood, àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà jáde o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e sórí rotary evaporator, ẹ̀rọ tó ń yí ìgò kí chloroform lè gbẹ, kó máa yí títí ọ̀rá á fi lẹ̀ mọ́ ara ìgò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ó máa jọ pé ó ti gbẹ, kò tíì gbẹ! Ẹ fi sábẹ́ vacuum, níbi tí pọ́ǹpù ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde, mọ́jú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é iná lọ lóru, pọ́ǹpù dákẹ́, mo dé láàárọ̀ mo ní ó ti tó mo da omi sí i, gbogbo ọ̀rá olówó gọbọi yẹn ló ṣòfò. Látìgbà yẹn, tí iná bá lọ, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ òru yẹn lákọ̀tun ni.

Omi ló kàn. 41°C ni DPPC ti máa ń rọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí omi àti ìgò wà ní bíi 50°C títí ẹ ó fi parí. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ ohun tí omi tí ò hó máa ń fojú èlùbọ́ rí.

Ẹ wá tì í gba inú extruder, ẹ̀rọ tó ń tì í gba inú asẹ́ tín-ín-rín, tó gbóná bákan náà, membrane tí ihò ẹ̀ jẹ́ nanometer 400, lẹ́yìn náà 200, kó tó kan 100, nígbà 11, kì í ṣe 10, kó lè parí sínú syringe òdìkejì, káwọn ńlá tí ò kọjá ṣẹ́kù sẹ́yìn. Tí PDI, ìyẹn òdiwọ̀n bí ìtóbi wọn ṣe yàtọ̀ síra tó, ò bá tó 0.2, ó dáa. Fíríìjì ní 4°C ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe fríìsà, yìnyín á fa àpò yẹn ya.

Kẹ́ ẹ tó fi oògùn sí i rárá, ẹ ṣe é lófìfo lẹ́ẹ̀mẹta ná, tí ìwọ̀n ẹ̀ bá bára mu lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá bẹ̀rẹ̀.