Bí A Ṣe Ń Tún Ògiri Tó Là Lójú Páìpù Iná Rẹ́

Bí ògiri bá là láti òkè àjà wá sí orí súwíìṣì, tó gún bí ẹni fi rúlà fà á, páìpù iná, ìyẹn rọ́bà tí wáyà iná ń gbà kọjá, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ, tó sì gba igun fèrèsé kọjá, ẹ pe bíríkìlà kó wá yẹ ìpìlẹ̀ wò. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka gbá ojú ibi tó là. Bó bá ń dún kòkò bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù, kò sí ohun tó kàn ju kẹ́ ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó gbé òòlù. Ẹ má sọ pé NẸ́PÀ ti mú un lọ. Wọ́n lè mú un dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú ògiri. Ẹ pa á níbi mítà, kẹ́ ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti inverter náà. Inverter yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ rèé: wọ́n á po sìmẹ́ńtì díẹ̀, wọ́n á fi dí ojú ibi tó là, wọ́n á kun ọ̀dà lé e. Kò ní í pẹ́ tó tún fi là. Ní pálọ̀ mi ní Gáà Àkáńbí, n'Ílọrin, ẹ̀ẹ̀mẹta la dí i bẹ́ẹ̀ kí n tó fìbínú gbé ṣísẹ́ẹ̀lì fúnra mi. Páìpù ni mo bá lókè téńté, sìmẹ́ńtì tó bò ó kò nípọn ju páálí lọ, ìṣó kan ṣoṣo ló sì dì í mú láti òkè délẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Ara búlọ́ọ̀kù tọ̀tún tòsì ló ń dì mú.

Torí náà, ẹ gbẹ́ ẹ jìn títí tí ẹ bá gbé rénjì, irin gbọọrọ tó gún tí wọ́n fi ń gé sìmẹ́ńtì dọ́gba, lé ojú ògiri, tí ìka kan á wọ àárín rénjì àti páìpù. (Ẹ má ra rénjì. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alúmíníọ̀mù máa ń ní àjákù tó gún dáadáa.) Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti gbẹ́ ẹ, ẹ má dojú ṣísẹ́ẹ̀lì kọ páìpù. Bó bá lu, oníṣẹ́ iná ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù wé e kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀, omi á wọ inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kan ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, kẹ́ ẹ fi wáyà tí wọ́n fi ń di irin so páìpù mọ́ ọn pinpin.

Ẹ ṣí ojú búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní ìka mẹ́ta lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ kan nẹ́ẹ̀tì ilé adìyẹ bò ó.

Ẹ gbá eruku kúrò, kẹ́ ẹ wá rin ín. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, alẹ́ àná ni mo ti máa ń rin tèmi, màá tún rin ín láàárọ̀, torí ògiri tó gbẹ á mu omi sìmẹ́ńtì tán kó tó le. Ilé alámọ̀ ti ìgboro kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Bẹ́ ẹ bá rin tiẹ̀ báyìí, ògiri á bá omi lọ.

Agolo mílíìkì kan sìmẹ́ńtì sí mẹ́rin yanrìn tí a ti jọ̀. Ẹ fọwọ́ ra yanrìn yẹn; bí àtẹ́lẹwọ́ bá pọ́n, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ má rò pé bí sìmẹ́ńtì bá pọ̀ sí i ló máa le sí i, ńṣe ló máa sún kì, á sì là.

Ìrẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ dé ojú ògiri. Ẹ fi ìṣó ha á, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la kẹ́ ẹ tó rẹ́ ìkejì, kẹ́ ẹ fi rénjì gé e, kẹ́ ẹ fi fóòmù tútù nù ún. Ọjọ́ méje ni kẹ́ ẹ fi máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀dà di ẹ̀yìn oṣù kan.