Bí a ṣe ń tọ́jú ìwé-ẹ̀rí ààbò lórí àwọn server tó wà lẹ́yìn load balancer

Load balancer ni ẹ̀rọ tó ń pín àwọn tó ń wá sórí ìkànnì yín káàkiri àwọn server. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí HTTPS máa parí sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti máa tú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àṣírí dì. Bó bá parí sórí load balancer, ibẹ̀ nìkan ni ìwé-ẹ̀rí tí aráyé ń rí máa wà. Bí load balancer bá kàn ń ta ọ̀rọ̀ látaré láìtú u, server kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí náà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ (fáìlì àṣírí tó ń bá a rìn). Ibí yìí gan-an ni wàhálà pọ̀ sí.

Ẹ má jẹ́ kí server kọ̀ọ̀kan máa lọ gba ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, kì í fúnni ju márùn-ún lọ fún àwọn orúkọ ìkànnì kan náà láàárín ọjọ́ 7. Yàtọ̀ sí ìyẹn, HTTP-01, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ̀ yín wò, máa ń wá fáìlì kan lórí server yín láti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ náà. Server kìíní ló gbé fáìlì sílẹ̀, àmọ́ load balancer lè darí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò sọ́dọ̀ ẹ̀kẹta, ni gbogbo rẹ̀ bá forí ṣánpọ́n. Ọ̀nà mìíràn, DNS-01, ni kí ẹ lò: inú DNS (àkọsílẹ̀ orúkọ ìkànnì yín) ni ẹ̀rí náà máa wà, kò kan load balancer rárá.

Ẹ wá yan ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò máa gbà á, kó sì fi rsync (irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn) kó fullchain.pem (ìwé-ẹ̀rí) àti privkey.pem (kọ́kọ́rọ́) lọ bá àwọn tó kù. Fullchain.pem ni o, kì í ṣe cert.pem! Bí ìwé-ẹ̀rí agbedeméjì (èyí tó so tiyín mọ́ àjọ tí browser fọkàn tán) kò bá sí níbẹ̀, browser kan lè gbà á, curl kò ní gbà. Ẹ fi chmod 600 dáàbò bo kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹni tó ni ín nìkan lè kà á, kó má sì gba inú email tàbí Git kọjá láé.

Nginx, ètò tó ń gbé ìkànnì jáde lórí server, kò ní lo fáìlì tuntun àyàfi bó bá tún un kà:

nginx -t && systemctl reload nginx

Ẹ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ server kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀:

openssl s_client -connect 10.0.0.11:443 -servername example.com </dev/null | openssl x509 -noout -serial -enddate

Nọ́ńbà serial (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé-ẹ̀rí) wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Bó bá jẹ́ pé ojú load balancer nìkan lẹ ti ń wò ó, ó lè máa gbé yín lọ sọ́dọ̀ èyí tó dára ṣáá, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń rí ìkìlọ̀ pupa.

Ọwọ́ lásán ò lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́. Láti March 15, 2026, ọjọ́ 200 ni ìwé-ẹ̀rí tuntun lè lò mọ. Yóò di 100 ní 2027, yóò sì di 47 ní 2029. Let's Encrypt pàápàá ti ṣíwọ́ fífi email ránni létí láti 2025. Ẹ fi `openssl x509 -checkend 1209600` sínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá dá) fún server kọ̀ọ̀kan, kó máa ta yín lólobó bó bá ku ọjọ́ 14.