Kọ́kọ́rọ́ Tí A Pín Sórí Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pín kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tó ń buwọ́ lu owó sísan sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Bí iná ọba bá ti lọ níbì kan, kò sí owó tó ń jáde mọ́. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ó jọ pé bí ẹ ṣe pín in, àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Láti 1979 ni Adi Shamir, onímọ̀ ìfipamọ́ àṣírí, ti fi hàn pé a lè pín àṣírí sí mẹ́ta kí èyíkéyìí méjì sì tó, láìjẹ́ pé ìpín kan ṣoṣo tú ohunkóhun fó fún ẹni tó jí i. Ẹ tún un pín báyìí, kí ẹ sì pa àwọn ìpín àtijọ́ rẹ́ pátápátá, torí wọ́n ṣì lè ṣí kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ẹ má sì kó ìpín jọ sórí kọ̀ǹpútà kan kí ẹ tó buwọ́ lùwé: odindi kọ́kọ́rọ́ á wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn sì tó olè. Kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ìpín rẹ̀ ṣe ìṣirò níbi tó wà, kí ó sì fi èsì nìkan ránṣẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà quantum, irú tuntun tó ń fi ìwà àwọn èérún kékeré jù lọ ṣe ìṣirò, kò lè rí wa gbé ṣe níwọ̀n ìgbà tí a ti pín in?

Ìdáhùn: Rárá o, èyí ló sì ń kọ mí lóminú jù. Pípín ń dènà ẹni tó wọ kọ̀ǹpútà kan; ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yín ti gbangba, èkejì ti ìkọ̀kọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rí, ṣì wà níta, ìlànà tí Peter Shor, onímọ̀ ìṣirò, gbé jáde ní 1994 sì fi hàn pé kọ̀ǹpútà quantum tó bá lágbára tó lè ti ara kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹn ṣírò kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ RSA (ọ̀nà ìbuwọ́lùwé tó wọ́pọ̀), láìfọwọ́ kan ìpín kankan. Kò sí ẹni tó tíì gbé irú rẹ̀ jáde ní gbangba, àmọ́ ẹni tó bá ń gba ohun tó ń lọ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn sílẹ̀ lónìí lè tọ́jú rẹ̀ dìgbà náà, kí ó sì tú u. Ìsopọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ML-KEM dáàbò bò, ìlànà ìfohùnṣọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ tí a ṣe láti dojú kọ kọ̀ǹpútà quantum, èyí tí NIST, àjọ òṣùwọ̀n ti Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2024.

Ìbéèrè: A ti fi í sí i, ìsopọ̀ wá ń já.

Ìdáhùn: Kọ́kọ́rọ́ gbangba ML-KEM-768 (ìwọ̀n ML-KEM kan) jẹ́ báìtì 1,184, nígbà tí ti X25519, ìlànà àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, jẹ́ 32 péré, nítorí náà ìkíni àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ lè máà gba inú páákẹ́ẹ̀tì (ìdìpọ̀ dátà) kan mọ́, àwọn fáyàwọ́ọ̀lù (ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àtijọ́ mìíràn sì máa ń da èyí tó bá pín sí méjì nù. Ẹ sọ sọ́fítíwíà fáyàwọ́ọ̀lù dọ̀tun, kí ẹ sì jẹ́ kí X25519 àti ML-KEM jọ máa ṣiṣẹ́, kí ti àtijọ́ lè ṣì máa ṣọ́ yín bí àléébù bá yọ lára tuntun.