Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kóòṣì Múra Sílẹ̀ fún Íntáfíù Iṣẹ́

Ohun tí kóòṣì wà fún ni kó gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu, kó tọ́ka sí ibi tó ti ń mẹ́hẹ, kó sì jẹ́ kí ẹ tún un sọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń wá kóòṣì tí yóò kọ ìdáhùn fún un láti há sórí ń fowó ṣòfò ni. Àhásórí kì í dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bini ní ìbéèrè. Wọ́n á kàn yí ìbéèrè padà díẹ̀: ẹni tó ti há “Tell us about yourself” sórí á dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ní “Walk us through your CV”, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba méjèèjì.

Ẹni tó ti gbani síṣẹ́ rí ni kí ẹ wá, tàbí ẹni tó mọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá dáadáa, torí íntáfíù báńkì kò rí bíi ti ọsibítù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í bóyá íntáfíù ìdánrawò wà nínú ètò rẹ̀, àti bóyá yóò kọ àtúnṣe sílẹ̀ fún yín. Bí ìdánrawò kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí iṣẹ́, tàbí tó ní òun mọ ẹnì kan ní HR, ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́, tó yẹ kí ẹ “wá rí”, ẹ sá fún un pátápátá. Bí owó kò bá sí, ẹ̀gbọ́n tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan lè ṣe kóòṣì yín, bí ẹ bá ti gbé ètò ìsàlẹ̀ yìí fún un.

Ìpàdé mẹ́ta, wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí àkọ́kọ́ wáyé ní nǹkan bí ọjọ́ 10 ṣáájú íntáfíù, kí ìkẹta wáyé nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Ẹ má fi ọ̀kankan sí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àtúnṣe tó bá dé lálẹ́ yẹn kì í ráyè wọlé, àyà ló ń dá já.

Sí ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ mú CV yín àti ìpolówó iṣẹ́ náà dání, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ fa ilà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá gbà yóò máa ṣe: yanjú ẹ̀sùn oníbàárà, ka owó kó pé, bá àkókò mu. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó, torí ọ̀kan lè dáhùn ìbéèrè méjì mẹ́ta. Kò di dandan kó jẹ́ láti ọ́fíìsì. Ibi tí ẹ ti ṣe àgùnbánirọ̀, oṣù IT yín (ìdánrawò níbi iṣẹ́ nígbà tí ẹ wà nílé ìwé), ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀bù màmá yín, gbogbo rẹ̀ ló wúlò.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé “I assisted my mother in her business.” Kò sí ohun tí ìgbìmọ̀ lè kọ sílẹ̀ nínú ìyẹn. Kóòṣì tó mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: kí lẹ ń tà? Kí ni ìṣòro tó wà níbẹ̀? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ ṣe? Iye wo ló yí padà? Nígbà tó bá fi máa parí, ọ̀rọ̀ náà lè ti di pé àwìn ìta ti wọ ₦180,000, kò sì sí ẹni tó mọ iye tí oníkálukú jẹ. Ẹ da gbogbo ìwé àwìn kọ sínú ìwé kan, ẹ tò ó bí ọjọ́ ṣe ṣáájú ara wọn, ẹ ń pe àwọn tó jẹ gbèsè ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Láàárín oṣù méjì, ₦60,000 ló kù níta. Òótọ́ ni kí iye náà jẹ́ o, torí wọ́n á tún bèèrè.

Ètò tí wọ́n ń pè ní STAR (Situation, Task, Action, Result) nìyẹn: bí nǹkan ṣe rí, ohun tó já lé yín léjìká, ohun tí ẹ ṣe, ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìṣẹ́jú ààyá 20 fún bí nǹkan ṣe rí, 10 fún iṣẹ́ tó já lé yín léjìká, odindi ìṣẹ́jú kan fún ohun tí ẹ ṣe, 20 fún àbájáde. Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń gùn jù lẹ́nu wa. Ìgbà tí a bá fi dé orí iṣẹ́ gan-an, ìgbìmọ̀ ti ń wo aago.

Ohun kan wà tó máa ń ṣe ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé. A kì í fẹ́ yin ara wa, nítorí náà ohun tí a dá ṣe, “we” la fi ń ròyìn rẹ̀. Ìwà dáadáa ni nílé. Níwájú ìgbìmọ̀, máàkì ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n ń kọ, “we” kò sì ní máàkì. Ẹ ní kí kóòṣì máa nawọ́ sókè ní gbogbo ìgbà tó bá ti gbọ́ “we”, kó béèrè pé “Ta ni?” Ẹ ó wá kọ́ bí ẹ ó ṣe pín in: “Àwa mẹ́rin la wà nídìí iṣẹ́ náà, èmi ni mo kọ ìròyìn, tí mo sì gbé e lọ fún ọ̀gá.” Ẹ kò gba iyì ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì fi tiyín sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú náà ń bẹ. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í tẹjú mọ́ àgbà, àwọn tó ń bini ní ìbéèrè sì lè rò pé ẹ ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn pẹ̀lú ẹni tó béèrè, ẹ yí ojú sí àwọn tó kù, ẹ parí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ní ti ìkíni, ẹ tẹ orí ba díẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ dúró títí wọn yóò fi ní kí ẹ jókòó.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà fún kóòṣì ní Yorùbá títí ó fi tò, kí ẹ tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn ìlú yín kì í ṣe àìsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wákàtí tí ẹ sanwó fún tún un ṣe. Ìkánjú ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù.

Ìpàdé kejì ni ìdánrawò gan-an. Ẹ wọ aṣọ ọjọ́ náà, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ wọlé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró: kóòṣì kò gbọ́dọ̀ dá yín lẹ́kun, kó máa kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó mú àtúnṣe mẹ́ta péré jáde. Mẹ́wàá á kàn da yín lórí rú. Ìdáhùn tó burú jù, ẹ tún un ṣe níbẹ̀ kí ẹ tó dìde. Nílé, ẹ sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ máa yàtọ̀ síra, kó má baà di àhásórí.

Ní ìkẹta, kí kóòṣì mú ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí wá kó bi yín ní àwọn ìbéèrè tó le. Ọdún méjì tí ẹ kò fi níṣẹ́ ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fi àkókò náà ṣe. Ọ̀gá yín àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má ṣe sọ ọ́ láìdáa, bó ti wù kó burú tó.

Bí ó bá kan owó oṣù, kí ẹ ti mọ̀ pé iye inú lẹ́tà kọ́ ló ń wọ àkáǹtì. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ìdá 8 nínú 100 ń kúrò nínú àpapọ̀ owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦200,000, ₦16,000 ti lọ, owó orí kò tíì dé. Ẹ bá kóòṣì ṣírò iye tí ẹ ń ná sórí ilé àti ọkọ̀, kí ẹ mú iye méjì lọ, kí èyí tó kéré jẹ́ èyí tí ẹ lè gbà láìkábàámọ̀.

Bó bá jẹ́ orí Zoom, ẹ gba agbára sínú kọ̀ǹpútà kún, ẹ ní SIM nẹ́tíwọ̀kì méjì, kí iná wà níwájú yín, kó má wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé láti Ìkòròdú lẹ ó ti lọ sí Victoria Island, ẹ gba ọ̀nà náà ní ọjọ́ tó ṣáájú, ní aago kan náà.

Kí ẹ tó délé lọ́jọ́ náà, ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi yín sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí kóòṣì. Ẹ kọ ímeèlì ìdúpẹ́ ìlà mẹ́ta mẹ́rin sí wọn kí wákàtí 24 tó pé. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá láìsí èsì, ẹ dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí ẹ tó béèrè lẹ́ẹ̀kan.