Bí a ṣe ń sin ẹja tó ti fẹ́ tán nínú odò, kí ìran rẹ̀ má bàa bàjẹ́ nínú táǹkì

Ẹja tequila, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zoogoneticus tequila, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Odò Teuchitlán ní ìpínlẹ̀ Jalisco, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ni ilé rẹ̀, kò sí níbòmíràn láyé. Ìdọ̀tí àti àjèjì ẹja tí wọ́n dà sínú omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Lọ́dún 1998, ọgbà ẹranko Chester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn olùsìn ẹja ní Yúróòpù kó takọtabo díẹ̀ lọ fún yunifásítì tó wà ní Morelia, ní Mẹ́síkò níbẹ̀. Ìran àwọn yẹn ló ti padà sínú odò báyìí.

Ẹni tó bá gba irú ẹja bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹja pọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹja á pọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí àbùdá tó bá wọn wá láti odò má ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹja tó wọlé

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé ìran: inú omi wo ni wọ́n ti kó o, ọdún wo, ọwọ́ ta ló ti kọjá. Ẹja tí kò ní ìwé yìí, ẹja ọ̀ṣọ́ ni, ẹ má fi sínú iṣẹ́ yìí bó ti wù kó lẹ́wà tó. Àwọn tó ń sin gardneri, ẹja kékeré kan tó wà nínú omi Nàìjíríà, ní òkè òkun ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní “Akure”, nítorí agbègbè Àkúrẹ́ ni wọ́n ti rí baba ńlá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dà á pọ̀ mọ́ ti òkè Jos, ọmọ tó máa jáde lè wuni lójú, àmọ́ kì í ṣe ará Àkúrẹ́ mọ́, kì í sì í ṣe ará Jos. Bákan náà, ẹ má fi ẹja tequila sínú táǹkì kan pẹ̀lú Zoogoneticus quitzeoensis. Ìbátan ni wọ́n, abo wọn sì jọra débi pé ojú lè tan ẹni tó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́.

Táǹkì lítà 200 gba 30 sí 40 ẹja. Ẹ fi àsẹ́ fóòmù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Àsẹ́ alágbára máa ń fa ọmọ ẹja wọlé. Fóòmù tuntun kò tíì lè ṣiṣẹ́, ó máa ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí kòkòrò rere tó gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ lè dín àkókò yìí kù bí ẹ bá rí fóòmù tó ti gbó nínú táǹkì tí àìsàn kò sí. Kí ẹja tó wọlé, amóníà, májèlé tó ń ti inú ìgbẹ́ ẹja jáde, gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Omi tó le díẹ̀ ni wọ́n fẹ́, pH 7.2 sí 8, ooru 20 sí 26. Kò ṣe nǹkan kí ooru lọ sílẹ̀ nígbà ọ̀tútù. Inú ooru kan náà látọdún dọ́dún ni abo ti ń bímọ títí tí á fi gbẹ.

Ẹ ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30, pẹ̀lú àwọ̀n àti garawa tirẹ̀. Ẹ wo ìdí wọn dáadáa ní àárọ̀, kí wọ́n tó jẹun. Okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá yọ níbẹ̀, aràn Camallanus ni. Levamisole ló ń pa á. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ṣírò ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, torí ìgbà kan kì í tó.

Ìbísí

Ọmọ ni wọ́n ń bí, wọn kì í yé ẹyin. Oyún wọn máa ń tó oṣù méjì, ọmọ kì í sì í pọ̀: 10 sí 20 ti dára. Ẹ mọ akọ nípa lẹ́bẹ́ abẹ́ ìdí rẹ̀, tí iwájú rẹ̀ kúrú bí ẹni pé wọ́n gé e, àti ìlà olómi-ọsàn tó tẹ̀ bí oṣù lé ní ìrù. Abo ẹja yìí kò lè tọ́jú àtọ̀ pamọ́ bíi ti guppy, nítorí náà abo kan ṣoṣo kò lè dá agbo sílẹ̀. Ẹ fi ojúoró bo ìdajì ojú omi kí ọmọ lè sá sábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ máa fún wọn ní tanwíjí wẹ́wẹ́. Ojúoró náà kò gbọ́dọ̀ dé odò o.

Ibi tó máa ń tan àwọn olùsìn jẹ nìyí. Kì í ṣe gbogbo ẹja tí ojú rí ni àbùdá rẹ̀ ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ ṣírò iye tó ń kópa ní tòótọ́ báyìí: iye akọ lọ́nà iye abo lọ́nà mẹ́rin, kí ẹ pín in sí àpapọ̀ wọn. Akọ 20 pẹ̀lú abo 20, ó jẹ́ 40. Akọ 2 pẹ̀lú abo 38 ńkọ́? 4 × 2 × 38 ÷ 40, ó jẹ́ 7.6 péré. Ojú rí ẹja 40, àbùdá rí mẹ́jọ. Agbo ti àkọ́kọ́ ń pàdánù bí 1.25 nínú ọgọ́rùn-ún oríṣiríṣi àbùdá rẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan, èkejì ń pàdánù ju 6 lọ. Kódà bí akọ bá tó 20, tí ọ̀kan bá ń lé gbogbo ìyókù wọ igun, tí lẹ́bẹ́ wọn fà ya, ọ̀kan yẹn nìkan ni baba ilé. Ẹ to òkúta àti ewéko kí akọ má bàa rí ara wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Táǹkì mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ. Lọ́dọọdún, ẹ mú akọ mẹ́ta láti 1 lọ sí 2, láti 2 lọ sí 3, láti 3 lọ sí 1. Ẹ pín táǹkì sí ilé olùsìn méjì ó kéré tán: alẹ́ kan tí iná bá lọ, tí bátìrì ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sì kú, ti tó láti pa gbogbo wọn. Ẹ má sì ṣa ọmọ tó pọ́n jù lọ mú fún ìbísí. Ẹ bu ọmọ mẹ́rin mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan láìwo àwọ̀.

Ìdápadà sódò

Kì í ṣe iṣẹ́ olùsìn nìkan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a ṣe. Ní Morelia, wọ́n kọ́kọ́ da akọ 40 àti abo 40 sínú adágún omi àtọwọ́dá tó wà lọ́gbà yunifásítì, kí wọ́n tún mọ bí a ṣe ń wá oúnjẹ àti bí a ṣe ń sá fún ẹyẹ. Wọ́n di bí 10,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ aràn ara wọn wò, wọ́n fi wọ́n sínú àgò àwọ̀n nínú odò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tú ohun tó lé ní 1,500 sílẹ̀. Àwọn ará ìlú Teuchitlán ló ń bá wọn ṣọ́ omi.

Ìwé àti ìfijíṣẹ́

Lóṣooṣù, ẹ kọ ọ́ ní ìlà kan: “Táǹkì 2. Akọ 14, abo 17, ọmọ 9. Abo 1 kú, ikùn wú. Omi 22.” Bí ẹ kò bá lè sìn ín mọ́, ẹ sọ fún ẹgbẹ́ àwọn olùsìn tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn. Ìdá kan omi, ìdá méjì afẹ́fẹ́ nínú ọ̀rá onílọ̀ọ́po méjì, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹja, ibi tí ìran rẹ̀ ti wá àti nọ́ńbà táǹkì sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sára páálí.