Bí Ẹni Tó Ṣe Sójà Amẹ́ríkà Rí Bá Kú Nínú Ẹbí Yín: Àsíá, Sàréè àti Owó Ìsìnkú

Kí ẹ tó bá aránṣọ sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, kí ẹ tó ka iye kúlà ìrẹsì tí ẹ máa gbé lọ sí gbọ̀ngán, ẹ wá ìwé kan jáde ná. DD 214 ni wọ́n ń pè é. Òun ni ìwé tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà máa ń fún sójà lọ́jọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, ẹ̀ka ológun tó wà àti irú ìtúsílẹ̀ tí wọ́n fún un, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú òkú ní funeral home máa bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè irú pósí tí ẹ fẹ́. Bí kò bá sí nílẹ̀, àsíá àti sàréè ọ̀fẹ́ kò ní yá, àwọn sójà tó yẹ kó wá bu ọlá fún òkú náà sì lè má wá.

Mo bá ìdílé kan wá tiwọn lọ́jọ́ Sátidé kan. A tú gbogbo dúrọ́ọ̀, a yẹ abẹ́ ibùsùn wò, a já báàgì tí bàbá náà fi ń rìnrìn àjò sílẹ̀. Nígbà tó yá, inú àpótí gèlè ìyàwó rẹ̀ la ti rí i, láàárín aṣọ òkè méjì. Wọ́n ti fi ọ̀rá dì í, eteetí rẹ̀ sì ti pọ́n. Bàbá mọ̀ pé ìwé ńlá ni. Kò kàn sọ ibi tó fi í sí fún ẹnikẹ́ni ni.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni pé, "Kò kúkú rìtáyà, ọdún mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ tiwa, ajagunfẹ̀yìntì, ló ń ṣì wá lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣiṣẹ́ ológun, tó sì kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé e pẹ̀lú ẹ̀gàn, ti di veteran, ì báà má gba owó ìfẹ̀yìntì kankan. Ẹni tó bá wọṣẹ́ lẹ́yìn oṣù September 1980 gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 24, tàbí gbogbo àkókò tí wọ́n pè é fún. Ẹni tí àìsàn tàbí ọgbẹ́ iṣẹ́ lé jáde kó tó pé bẹ́ẹ̀ ní àyè tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu ara yín yọ òkú yín kúrò. Ìjọba Amẹ́ríkà ni kí ẹ jẹ́ kó sọ pé kò tọ́ sí i.

Irú sójà bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Nígbà tí ètò MAVNI bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí wọ́n ń gba àwọn àlejò tó wà ní Amẹ́ríkà lọ́nà òfin ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì ní green card, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Láti 2016 ni wọn ò ti gba ẹni tuntun mọ́, àmọ́ àwọn tó bá ọ̀nà yẹn wọlé ti ń di bàbá àti ìyá báyìí. Ká má tíì sọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, àti àwọn tó fi káàdì ìgbélùú wọn wọṣẹ́.

Bí ìwé náà bá sọnù, National Personnel Records Center ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ló ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Fọ́ọ̀mù SF 180 ni ẹ máa kọ ránṣẹ́, tàbí kí ẹ bèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó tàbí ọkọ olóògbé tí kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ló lè bèèrè. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé òkú wà nílẹ̀, wọ́n á gbé tiyín síwájú. Iná jó ibẹ̀ ní July 12, 1973, ó sì run fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18, pàápàá ti àwọn tó fi iṣẹ́ sójà orí ilẹ̀ sílẹ̀ kó tó di 1960. Ìyẹn kò kan ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ àgbà ọkùnrin ará Amẹ́ríkà, ó lè kàn yín.

Ẹbí àti ìyàwó

Ibí yìí ni ìjà ti máa ń wọlé. Nílé wa, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò olóògbé ló máa jókòó, wọ́n á dájọ́, wọ́n á dá ibi ìsìnkú, opó á sì wà ní kọ̀rọ̀ tó borí. Ọ́fíìsì Amẹ́ríkà kò mọ olórí ẹbí. Ìyàwó tàbí ọkọ tí ìwé ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà àwọn òbí. Ẹ ṣèpàdé bí ẹ bá ṣe fẹ́, ẹ pè é lórí WhatsApp láti Ìbàdàn títí dé Maryland, ọwọ́ opó ni bírò fọ́ọ̀mù máa wà. Mo ti rí i tí ẹ̀gbọ́n ọkọ gba fáìlì lọ́wọ́ ìyàwó lọ́jọ́ kejì ikú, tó lọ funeral home, tí wọ́n sì ní kó padà lọ pe ìyàwó wá. Ọjọ́ méjì ló lọ sórí ìyẹn.

Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ jọ sójú kan. Bí ọkọ tàbí aya bá ti ṣe ìgbéyàwó kan rí, ẹ wá ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ìyẹn náà kún un. Ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ gba tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ilé ìfowópamọ́, ìnṣọ́ránsì, gbogbo wọn ló máa fẹ́ tiwọn.

Àwọn sójà tó máa wá

Láti January 1, 2000 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé bí ẹbí bá bèèrè, kí iléeṣẹ́ ológun rán ó kéré tán sójà méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá síbi ìsìnkú. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ẹ̀ka tí olóògbé wà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Funeral home ló máa bá yín pè wọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń fẹ́ gbọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú. Ẹ má gbọ́kàn lé pé wọ́n mọ̀. Ẹ bi funeral home léèrè pé, "Ṣé ẹ ti pe àwọn sójà?" Ẹ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí wọ́n máa ṣe kò gùn. Àsíá Amẹ́ríkà á ti wà lórí pósí, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àbọ̀, ó fẹ̀ ní márùn-ún. Ibi tó ní ìràwọ̀ á wà lápá orí òkú, lókè èjìká òsì. Wọ́n á fọn orin Taps, ohùn mẹ́rìnlélógún péré, á sì pa gbogbo ibẹ̀ lọ́lọ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ afọnfèrè kò wú, ẹ má rojọ́: afọnfèrè kò tó nǹkan mọ́, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kékeré sẹ́nu fèrè tó ń kọ orin náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á na àsíá náà láàárín ara wọn, á le gbandi bí awọ ìlù. Wọ́n á ká a sí méjì ní gígùn, wọ́n á tún un ká, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́ ẹ ní igun mẹ́ta mẹ́ta láti ìdí ìlà pupa. Bí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ ni wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, láìyára. Nígbà tó bá fi máa tó ìṣẹ́ kẹtàlá, pupa ti wọnú, búlúù àti ìràwọ̀ nìkan ló kù lójú. Ọmọ kékeré kan pariwo nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa pé sàmósà ni. Opó náà alára rẹ́rìn-ín. Sójà á wá kúnlẹ̀ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ síwájú opó, á gbé àsíá náà lé e lọ́wọ́, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ Ààrẹ, lórúkọ ẹ̀ka ológun náà àti lórúkọ orílẹ̀-èdè.

Ìbọn yíyìn kò sí nínú dandan. Bí àyè bá wà, ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́ lè wá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbọn 21 táwọn èèyàn ń pè é yẹn kọ́. Ìyẹn, ìbọn ńlá ni, ti Ààrẹ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá onílù àti ẹgbẹ́ akọrin sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kí gángan dákẹ́ títí àsíá á fi dọ́wọ́ opó. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ lẹ owó mọ́ sójà níwájú orí. Mo mọ̀ pé ọkàn rere ni, wọn ò gbọdọ̀ gbà á.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń sin òkú lọ́jọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kí sójà má bá a yín dé ibẹ̀. Ẹ sin òkú yín. Wọ́n lè ṣe ìbùyì náà níbi ètò ìrántí láìsí òkú nílẹ̀, àdúrà ọjọ́ kẹjọ sì jẹ́ àkókò tó dáa láti pè wọ́n.

Àsíá kan ṣoṣo ni. Fọ́ọ̀mù VA 27-2008 ni wọ́n fi ń gbà á, ní ọ́fíìsì VA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́, tàbí láwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kan. Bó bá sọnù, tó jóná tàbí tí wọ́n jí i, ìjọba kì í fúnni ní òmíràn. Òbí ń fẹ́ ẹ, àkọ́bí ń fẹ́ ẹ, opó ló ni ín. Ẹ má bò ó mọ́ òkú wọ sàréè.

Sàréè

Ó ju 150 itẹ́ òkú tí VA ń bójú tó. Nínú wọn, ilẹ̀ sàréè, gbígbẹ́ àti dídí rẹ̀, òkúta orí rẹ̀, àti ìtọ́jú rẹ̀ títí ayé, ọ̀fẹ́ ni. Ìyàwó tàbí ọkọ sójà náà lè sùn síbẹ̀, kódà bó bá ṣáájú sójà kú, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21, tàbí 23 bó bá wà nílé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìgbà. Owó funeral home, kíkun òkú lọ́ṣẹ àti pósí ni tiyín. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè láti gba ọjọ́ ni 1-800-535-1117. Bí DD 214 kò bá tíì dé, ẹ pè wọ́n náà, wọ́n lè bá yín wádìí.

Wọn kì í sábà sin òkú lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Èyí máa ń dùn wá, torí Sátidé làwọn èèyàn wa ń rí àyè. Fráìdè ni kí ẹ gbà. Wọn kì í ṣí pósí níbẹ̀, nítorí náà kí ẹ ti wo òkú tán ní funeral home tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ àtíbàbà kan ni ètò náà ti máa ń wáyé, kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá pẹ́ dé, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ pásítọ̀ kúrú.

Itẹ́ òkú Arlington, nítòsí Washington, yàtọ̀. Iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ ló ń bójú tó o, òfin rẹ̀ le jù, oṣù bíi mélòó kan sì lè kọjá kó tó kàn yín.

Bí itẹ́ òkú aládàáni lẹ bá yàn, ẹ ṣì lè gba òkúta ọ̀fẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù VA 40-1330. Àgbélébùú wà, òṣùpá àti ìràwọ̀ wà, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́. Bí ẹ bá gbé òkú lọ sílé, ìjọba lè fúnni ní òkúta yìí fún itẹ́ òkú ibikíbi lágbàáyé. Owó gbígbé e dúró, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹni tó bá ń gbé òkú lọ sí Nàìjíríà, kó gba àsíá, kó sì jẹ́ kí àwọn sójà ṣe tiwọn ní Amẹ́ríkà kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra.

Owó

Kí n má tàn yín: owó náà kéré, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí i. Bí iṣẹ́ ológun ló fa ikú náà, VA ń san tó 2,000 dọ́là. Bí iṣẹ́ kọ́ ló fà á, ẹni tí wọ́n sábà máa ń san án fún ni ẹni tó ti ń gba owó pension tàbí owó àìlera lọ́wọ́ VA, tàbí ẹni tó kú sí ilé ìwòsàn VA. Fún ẹni tó kú láti October 1, 2024 títí di ìparí September 2025, 978 dọ́là ni fún ìsìnkú, 978 míràn sì ni fún ilẹ̀ bí kì í bá ṣe itẹ́ òkú ìjọba. Gbogbo October ni wọ́n ń yí i. Fọ́ọ̀mù 21P-530EZ ni. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni ààlà fún ẹni tí iṣẹ́ kò pa. Ẹni tí iṣẹ́ pa kò ní ààlà. Bí orúkọ opó bá ti wà lọ́wọ́ VA, wọ́n lè san án fún un bí wọ́n bá ti gbọ́ ikú náà, láìkọ fọ́ọ̀mù.

Èyí tó lè tóbi ni owó oṣooṣù fún opó, fọ́ọ̀mù 21P-534EZ. Ẹ fi ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú, kí wọ́n lè kà á láti oṣù ikú náà. Ẹ sì tètè sọ fún VA pé ẹni náà ti kú, 1-800-827-1000. Owó oṣù tó bá ṣì ń wọ àpò rẹ̀, ẹ má ná an. Wọ́n á bèèrè rẹ̀ padà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín kọ fọ́ọ̀mù wọ̀nyí, ẹ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ sójà àtijọ́ àti ọ́fíìsì kọ́ńtì yín ń bá èèyàn kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà láàyè

Fọ́ọ̀mù 40-10007 wà fún sójà àtijọ́ tó fẹ́ mọ̀ nísinsìnyí bóyá itẹ́ òkú VA tọ́ sí òun. Ó dà bí èèwọ̀ lẹ́nu wa, mo mọ̀. Ìyá mi yóò ní kí n fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà ìdáhùn tí VA máa fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ fi pọ̀ mọ́ DD 214 nínú ọ̀rá kan, ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹni méjì mọ ibi tó wà: ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta. Bó bá jẹ́ inú àpótí gèlè lẹ fẹ́ fi í sí, kò burú. Ẹ ṣáà sọ ọ́.